Tíṣà, báńkì, ilé-iṣẹ́ omi: báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ di iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn ní Òṣogbo?

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Aró

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́. Nítorí àbúrò mi obìnrin ni mo ṣe wá. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì fún ọdún 5, ó wà ní ẹ̀ka ẹ̀yáwó ní báńkì kékeré kan fún ọdún 4, ó sì ti ń mójú tó dídára ọjà ní ilé-iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà láti ọdún 6 sẹ́yìn. Ó fẹ́ dá dúró báyìí, kó máa gba àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké nímọ̀ràn láàárín Òṣogbo, Ẹdẹ, Ìlobùú àti Ìkirun. Ohun tó ń kọ ọ́ lóminú ni pé ọ̀nà tó gbà wá kò tọ́ gbọnrangandan. Ó ní àwọn èèyàn á máa wò ó bí ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ. Kí ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe? Èló ni kó máa gbà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohunkóhun pa mọ́.

Àgbà Òkè-Fíà

Ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó yé tọrọ àforíjì nítorí ọ̀nà tó gbà. Onílé-iṣẹ́ kì í sanwó fún ìtàn ìgbésí ayé ẹnikẹ́ni; ohun tó ń jẹ ẹ́ lówó ló ń wá ẹni tí yóò bá a dá dúró. Kó mú ìwé kan, kó pín in sí òpó mẹ́ta: ohun tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹni tí àìṣe rẹ̀ ń dùn, àti iye tí onítọ̀hún ń pàdánù. Kẹ́mísírì jẹ́ kó lè ka èsì àyẹ̀wò omi. Báńkì jẹ́ kó mọ ìdí tí wọ́n fi ń dá ìwé ẹ̀yáwó padà. Ilé-iṣẹ́ omi jẹ́ kó mọ ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ lójoojúmọ́. Oríta tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé ni kó pàtẹ sí: onílé-iṣẹ́ omi tàbí oúnjẹ tí àwọn olùyẹ̀wò NAFDAC ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò pé, tó sì ń wá owó báńkì láti fi ra ẹ̀rọ. Ẹni tó mọ apá kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nígboro. Ẹni tó mọ̀ ọ́n pa pọ̀ kò pọ̀.

Kó má kọ "ìmọ̀ràn lórí okòwò, ẹ̀kọ́, àgbẹ̀ àti ìdarí" sórí káàdì rẹ̀. Ẹni tó bá ka irú káàdì bẹ́ẹ̀ kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó pè é.

Kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó lọ bá onílé-iṣẹ́ 15 sọ̀rọ̀. Kó má tajà fún wọn o, kó kàn béèrè: kí ni àwọn olùyẹ̀wò sọ nígbà tí wọ́n wá kẹ́yìn? Báàgì mélòó ni wọ́n dá padà lóṣù tó kọjá? Ta ló ń kọ ìwé àkọsílẹ̀ yín? Èló lẹ san kẹ́yìn fún ẹni tó bá yín tún nǹkan wọ̀nyí ṣe? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló ṣe kókó jù. Bí kò bá tó 5 nínú 15 tó ti sanwó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, kó tún ohun tó ń tà rò.

Ìyá Ẹlẹ́rọ Omi

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín kí ó lè yé àbúrò ohun tí à ń pè ní ìmọ̀ràn tó tó sanwó fún.

Iná UV tó ń pa kòkòrò inú omi: púpọ̀ nínú gílóòbù rẹ̀ kì í ju nǹkan bí wákàtí 9,000 lọ. Bó bá ń tàn tọ̀sán-tòru, kò ju ọdún kan lọ. Lẹ́yìn náà, yóò ṣì máa tàn ní àwọ̀ búlúù bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń pa kòkòrò ti lọ sílẹ̀. Onílé-iṣẹ́ á wò ó, á ní "ó ṣì ń tàn dáadáa." Ẹ tún wá fi ti iná mànàmáná wa kún un: títàn àti pípa lemọ́lemọ́, láti orí wáyà sí jẹnẹrétọ̀, máa ń gé ẹ̀mí gílóòbù kúrú. Gíláàsì tó bo gílóòbù náà, bí omi kànga ẹ̀rọ bá ní irin nínú, á di pupa rúsúrúsú, ìmọ́lẹ̀ kò ní lè kọjá. Bí omi bá sì ti rú kó tó débẹ̀, kòkòrò á fara pa mọ́ sẹ́yìn ìdọ̀tí.

Nítorí náà, bí èsì bá dé pé kòkòrò E. coli wà nínú omi, tó sì jẹ́ pé òdo ló yẹ kó jẹ́ nínú mílílítà 100, ẹni tí kò mọ̀ á ní kí wọ́n da kẹ́míkà sí i. Ẹni tó mọ̀ á kọ́kọ́ béèrè fún ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ gílóòbù sí. Á wo géèjì méjèèjì tó wà níwájú àti lẹ́yìn asẹ́. Bí ìyàtọ̀ àárín wọn bá ti fi nǹkan bí 10 psi (òṣùwọ̀n ìfúnpá omi) ju ti ìgbà tí asẹ́ wà ní tuntun, asẹ́ ti dí nìyẹn. Á tú gíláàsì, á fi aṣọ funfun nù ún, á gbé aṣọ náà han ọ̀gá. Aṣọ tó pupa yẹn lágbára ju ojú ìwé 40 lọ.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Aró

Ẹ ṣeun mà. Mo kà á fún un lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo ìyẹn ló ń ṣe lójoojúmọ́, òun ò mọ̀ pé èèyàn lè sanwó fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ti ìforúkọsílẹ̀ ńkọ́? Ẹnì kan ní dandan ni kó dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀.

Akọ̀wé Ìwé-Àṣẹ

Kì í ṣe dandan. Ọ̀nà méjì ló wà ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, fún ẹni tó dá nìkan ṣe é. Àkọ́kọ́ ni orúkọ òwò (business name). Èkejì ni kọ́ńpìnnì aládàáni. Láti ìgbà tí òfin kọ́ńpìnnì, CAMA 2020, ti dé, ẹnì kan ṣoṣo lè dá a sílẹ̀, ìpín ìdókòwò (share capital) tó kéré jù sì jẹ́ ₦100,000.

Bó ṣe ń lọ nìyí: kó mú orúkọ méjì sílẹ̀, bí wọn ò bá gba ọ̀kan, wọ́n lè gba èkejì. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, wọ́n á fi pa mọ́ dè é fún ọjọ́ 60. Bí kò bá parí ìforúkọsílẹ̀ láàárín ìgbà náà, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó yẹra fún "State", "National", "Federal" tàbí "Chartered" nínú orúkọ, torí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ń fẹ́ ìyọ̀ǹda pàtàkì. Bí orúkọ bá sì jọ ti iṣẹ́ amọ̀ṣẹ́dunjú tó ní ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso rẹ̀, bí iṣẹ́ ẹnjiníà, iṣẹ́ òfin tàbí ti ayàwòrán ilé, wọ́n á béèrè ìwé-ẹ̀rí ẹgbẹ́ náà.

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ dúró jù ni orúkọ tí kò bára mu. NIN ní "Adébísí" pẹ̀lú orúkọ ọkọ lẹ́yìn, ìwé-ẹ̀rí ilé-ìwé ní "Adébísí" pẹ̀lú orúkọ bàbá, BVN tún ní ọjọ́ ìbí mìíràn. Kó tún gbogbo rẹ̀ ṣe kó tó san kọ́bọ̀ kankan.

Lẹ́yìn tí ìwé-ẹ̀rí CAC bá jáde, kó lọ gba ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka kan lábẹ́ EFCC. Òfin tó ń dènà fífi owó ìwà ọ̀daràn ṣòwò, ti ọdún 2022, dárúkọ àwọn olùgbaninímọ̀ràn ní tààrà, torí náà báńkì kì í fẹ́ ṣí àkáǹtì òwò fún wọn láìsí i. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ náà. Ẹni tó bá ní kó mú owó wá fún fọ́ọ̀mù, owó ìrànlọ́wọ́ ara tirẹ̀ ló ń gbà.

Kó sì kọ ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà sórí kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ yẹn ni ìjábọ̀ ọdọọdún orúkọ òwò kò gbọdọ̀ kọjá, àyàfi ọdún tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, ìtanràn á máa gorí ara wọn.

Òṣìṣẹ́ Abẹ́rẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ńkọ́? Ṣé ó lè fi orúkọ òwò sílẹ̀, kó máa ṣe é ní ìrọ̀lẹ́?

Akọ̀wé Ìwé-Àṣẹ

Rárá, bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní kíkún. Àfikún Karùn-ún nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 kò gbà á láyè láti máa darí òwò aládàáni. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Tíṣà ilé-ìwé ìjọba náà wà nínú rẹ̀. Ẹ lè máa kẹ́kọ̀ọ́, ẹ lè máa bá èèyàn sọ̀rọ̀, kí ẹ máa to ìwé jọ. Ẹ má gba owó.

Oníṣirò Ògo-Olúwa

Ẹ jẹ́ ká dé orí owó, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn ti ń kú.

Ká ní ó fẹ́ ₦250,000 lóṣù fún ara rẹ̀, ìyẹn ₦3,000,000 lọ́dún. Ìnáwó iṣẹ́, bí ọkọ̀, dátà, epo, ìwé títẹ̀, owó oníṣirò, ká pè é ní ₦1,200,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦4,200,000. Ọjọ́ iṣẹ́ inú ọdún jẹ́ 260. Ẹ yọ 30 fún ìsinmi, àìsàn àti ọjọ́ ọlidé, ó ku 230. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù rèé: wọ́n á fi 230 pín owó. Ó ju ìdajì ọjọ́ wọ̀nyẹn lọ tí yóò bá wíwá iṣẹ́, kíkọ ìwé àbá àti lílé owó lọ. Ní ọdún kìíní, kó ka 100 péré. ₦4,200,000 sí ọ̀nà 100 jẹ́ ₦42,000. Kó fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún ohun tí a kò rí tẹ́lẹ̀, ó di ₦50,400. Kó fi ₦50,000 ṣe iye ọjọ́ kan.

Kó má sọ iye ọjọ́ yìí fún oníbàárà o. Òun nìkan ló ni ín. Iye odindi iṣẹ́ ni kó sọ: ìbẹ̀wò 3, ọjọ́ 2 fún ìwé àbọ̀, ọjọ́ 1 fún dídá òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́ 6, ₦300,000. Owó àyẹ̀wò omi ní láàbù, kí onílé-iṣẹ́ san án fún láàbù fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Aró

₦300,000 ní Òṣogbo? Wọ́n á ní ó ti wọ́n jù. Ṣé kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ₦100,000 kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n?

Àgbà Òkè-Fíà

Kó dín iṣẹ́ kù, kó má dín iye ọjọ́ kù. Kó ní nǹkan kékeré tó ń tà: ọjọ́ 2 ní ilé-iṣẹ́, ìdajì ọjọ́ fún ìwé àbọ̀ ojú ìwé 4, ₦125,000. Ẹni tí kò lè san ₦300,000 á bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹni tó bá gba ₦100,000 fún iṣẹ́ ọjọ́ 6 lónìí, iye yẹn ni wọ́n á máa dárúkọ fún ẹlòmíràn ní Ìgbọ̀nà títí ọdún á fi yí po.

Ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin yẹn ni kó fi ṣírò owó. Ká sọ pé ilé-iṣẹ́ ń ṣe báàgì 600 lóòjọ́, báàgì 3 nínú 100 sì ń padà wá nítorí pé ọ̀rá ń jò. Báàgì 18 lóòjọ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, ó di 468. Bó bá kọ 468 gàdàgbà, tó sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé téfúlọ́ọ̀nù ẹnu ẹ̀rọ tó ń lẹ ọ̀rá ti jẹ, ọ̀gá á fi iye tó ń ta báàgì sọ 468 ọ̀nà fúnra rẹ̀. Kò tún ní béèrè ìdí tí ₦125,000 fi wọ́n.

Ìyá Ẹlẹ́rọ Omi

Ẹ gbà mí láyè kí n fi kan kún un. Àwọn kan á ní kó "bá wọn wá ọ̀nà" lọ́dọ̀ àwọn olùyẹ̀wò. Kó kọ ọ́ sínú àdéhùn gbangba pé owó òun wà fún ìmúrasílẹ̀, kì í ṣe fún ìwé-àṣẹ, àti pé òun kì í gbé owó fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá tìtorí gbólóhùn yẹn lọ, kó jẹ́ kó lọ. Orúkọ tó bá bàjẹ́ nínú iṣẹ́ yìí kì í tún padà.

Aláàdéhùn

Ojú ìwé méjì tó fún àdéhùn. Ohun tí yóò ṣe. Ohun tí kò ní ṣe (èyí ni wọ́n máa ń gbàgbé). Ohun tí oníbàárà gbọ́dọ̀ pèsè àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ pèsè rẹ̀. Iye owó àti bí wọ́n á ṣe san án: ìdá 50 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìdá 30 nígbà tí àbọ̀ àkọ́kọ́ bá dé ọwọ́ wọn, ìdá 20 láàárín ọjọ́ 14 lẹ́yìn àbọ̀ ìkẹyìn. Àṣírí ilé-iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe lè túká.

Lórí ₦300,000, ẹ wo bí ìyẹn ṣe ń dáàbò bò ó. ₦150,000 ti wọlé ṣáájú, ₦90,000 tẹ̀lé e. Bí ₦60,000 ìkẹyìn bá tiẹ̀ pẹ́, ó ti gba owó ọjọ́ tó ju 4 lọ nínú 6. Àwọn tó gbà pé kí wọ́n san gbogbo owó lẹ́yìn iṣẹ́ ni ẹ ń rí tó ń jókòó ní ìloro oníbàárà láti àárọ̀.

Ti ìbátan àti ọ̀rẹ́ tó ń ní "àǹtí, ẹ kàn bá mi yọjú wò ó": ìṣẹ́jú 30 lórí fóònù, ọ̀fẹ́. Ohunkóhun tó bá ti di kíkọ sílẹ̀ tàbí ìbẹ̀wò, owó. Kó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ láti ọjọ́ kìíní, kò ní di ìjà.

Oníṣirò Ògo-Olúwa

Mo padà wá fún owó-orí, torí ó kan bóyá orúkọ òwò ló dáa jù tàbí kọ́ńpìnnì.

Òfin owó-orí tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026. Ó yọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ amọ̀ṣẹ́dunjú kúrò lára àwọn tí wọ́n pè ní ilé-iṣẹ́ kékeré. Ìdẹ̀ra tí kọ́ńpìnnì kékeré mìíràn ń rí gbà lè má kàn án. Nítorí náà, mo fẹ́ kó fi orúkọ òwò bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ èyí, òun fúnra rẹ̀ ló ń san owó-orí fún ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó-orí, ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e jẹ́ ìdá 15. Lórí èrè ₦3,000,000 tí a fi ṣírò, ₦330,000 nìyẹn. Kó máa ya ₦27,500 sọ́tọ̀ lóṣooṣù, kó sì fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta tó kọjá.

Àwọn oníbàárà ńlá á yọ ìdá 5 kúrò nínú owó rẹ̀ kí wọ́n tó san án. Lórí ₦300,000, ₦285,000 ni yóò rí. Àsansílẹ̀ owó-orí rẹ̀ ni ₦15,000 yẹn, kò sọnù, bó bá gba ìwé rẹ̀. Bí kò bá ní nọ́ńbà owó-orí, ìlọ́po méjì ni wọ́n á yọ. Àṣìṣe tí mo ń rí jù rèé: akọ̀wé owó oníbàárà á san ìdá 5 yẹn fún ìjọba àpapọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, torí pé orúkọ òwò ni, ìpínlẹ̀ ló tọ́ sí. Lọ́jọ́ tó bá dé ọ́fíìsì owó-orí ìpínlẹ̀, wọn ò ní rí nǹkan kan lórúkọ rẹ̀. Kó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé owó gbogbo: "orúkọ òwò ni wá, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni kí ẹ san owó-orí tí ẹ bá yọ fún."

Olùkọ̀wé Àbá

Bí ó bá fẹ́ iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á béèrè ìwé-ẹ̀rí owó-orí ọdún 3. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó fi ọdún kìíní ṣeré, bí owó tó wọlé tilẹ̀ kéré. Nígbà náà ló lè yí padà sí kọ́ńpìnnì.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Aró

Ọlọ́run á bù kún yín. Ìbéèrè tó kù: ìgbà wo ni kó kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀? Ṣé kó gba ọ́fíìsì?

Àgbà Òkè-Fíà

Ọ́fíìsì kò pọn dandan lọ́dún kìíní. Ilé-iṣẹ́ oníbàárà ni iṣẹ́ wà. Tábìlì kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan àti ibi tí iná ti dúró ti tó. Pátákó ojú ọ̀nà ní owó ìjọba tirẹ̀, kó fi í sílẹ̀.

Ní ti ìgbà, kó kó owó ìnáwó ilé oṣù 6 jọ. Kó wo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pẹ̀lú: òfin ìfẹ̀yìntì ti 2014 gbà pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 50, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí kò rí òmíràn fún oṣù 4, lè gba tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà níbẹ̀. Oṣù 4 yẹn ni kó rántí, kó má fi owó náà kún ti oṣù kìíní. Kó sì jáde kí òjò tó rọlẹ̀ dáadáa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ń tà gan-an, kò sí ọ̀gá tó ráyè gbọ́ ìmọ̀ràn. Láti oṣù Kẹfà lọ, ọjà á rọ̀, wọ́n á ráyè dá ẹ̀rọ dúró kí wọ́n tú u wò.

Aláàdéhùn

Kó kọ́kọ́ ka lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Bóyá gbólóhùn wà níbẹ̀ tó ní kò gbọdọ̀ bá oníbàárà wọn ṣiṣẹ́ fún ìgbà kan. Kó má sì mú fọ́tò ojú ìwé àkọsílẹ̀ wọn jáde, kó má fi èsì láàbù wọn ṣe àpẹẹrẹ fún ẹlòmíràn. Ìmọ̀ orí rẹ̀ ni tirẹ̀. Ìwé ilé-iṣẹ́ kì í ṣe tirẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Aró

A ti kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ 15 sílẹ̀: 6 ní Òṣogbo, 4 ní Ẹdẹ, 3 ní Ìlobùú, 2 ní Ìkirun. Àárọ̀ Mọ́ńdè ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́rọ Omi

Kó má lọ ní àárọ̀ Mọ́ńdè, àbúrò. Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ ń kó ọjà, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn. Kó lọ ní Ọjọ́bọ̀, bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Ọkọ̀ ti lọ tán, ọ̀gá á ti jókòó ti ìwé owó.